Ọjọ́ Kẹjọ, Ọ̀sẹ̀ Kẹfà: Ìṣírò Ọjọ́ Nínú Àjẹsára Ọmọ

Yorùbá jẹ́ ẹ̀yà tí ó mọ ọjọ́ kà. Láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti dé ayé ni ìṣírò ti ń bẹ̀rẹ̀ ní agboolé. Láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ti di ti gbogbo ọmọ. Kò sí bàbá tí yóò sọ pé òun gbàgbé ọjọ́ náà, kò sì sí ìyá-ọkọ tí yóò jẹ́ kí ó yẹ̀ láìnídìí. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, wọ́n tún ń ka ogójì ọjọ́ kí ìyá ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí i ti tẹ́lẹ̀. Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà, wọ́n á máa retí kí ó jókòó. Bí ó bá di oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ dìde dúró.

Ìṣírò mìíràn wà tí ó ń bá ìwọ̀nyí rìn, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ilé kò kà sí ìṣírò rárá. Ìṣírò ọjọ́ àjẹsára ni. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn ọjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn mu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń pè jẹ́ ọjọ́ 42. Ọjọ́ méjì péré ni ó fi ju ogójì ọjọ́ àwọn àgbà lọ. Oṣù kẹsàn-án tí ìyá ń wo ẹsẹ̀ ọmọ, oṣù náà ni ó yẹ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ èéyi. Bí wọ́n bá súnmọ́ra tó báyìí, kí ló dé tí ọ̀kan kì í yẹ̀, tí èkejì sì ń yẹ̀ lọ́pọ̀ ilé? Àwọn àgbà ní ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Agbára àjẹsára kò sí nínú omi tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ nìkan. Ó wà nínú àkókò tí ọmọ gbà á.

Ẹni tí ó bá pe àjẹsára ní ohun àjèjì kò tíì fi etí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kí abẹ́rẹ́ òyìnbó tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn oníṣègùn ti ń ṣe àjẹsára: oògùn tí ènìyàn jẹ sí ara sílẹ̀ de ewu, kí májèlé tàbí ọ̀tá tó dé. Wọ́n ń sín gbẹ́rẹ́ pẹ̀lú, wọ́n sì ń fi oògùn ra ojú rẹ̀ kí ó lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Nígbà tí àjẹsára ṣọ̀pọ̀ná ti àwọn òyìnbó dé, bíbupá ni àwọn ènìyàn pè é, nítorí apá ni wọ́n ń bù. Nígbà tí àwọn abẹ́rẹ́ mìíràn tẹ̀lé e, èdè Yorùbá kò wá orúkọ lọ sí ibòmíràn; ó mú àjẹsára láti inú àpò ara rẹ̀. Ìtumọ̀ ti àtijọ́ àti ti òní kò jìnnà síra. Ìmúrasílẹ̀ ni, kì í ṣe ìwòsàn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ yìí kò ní awo nínú. Kòkòrò àrùn tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, tàbí apá kékeré kan lára rẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe é. Ara ọmọ yóò rí i, yóò bá a jà, yóò sì há ìrísí rẹ̀ sórí. Bí ògidì àrùn náà bá wá dé lẹ́yìn náà, ara ti mọ̀ ọ́n. Kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè pé ta ni.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni ṣọ̀pọ̀ná, àrùn tí ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ènìyàn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ gan-an. Ọbalúayé tàbí Olóde ni wọ́n ń pè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Freetown ní 1861, ṣiṣẹ́ takuntakun ní Èkó láti dá àrùn náà dúró. Ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀ná kí ó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn, ohun tí ó sì rí níbẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba amúnisìn fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Síbẹ̀, òfin kọ́ ni ó ṣẹ́gun àrùn náà; bíbupá ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, ní agbègbè Ogoja ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ṣọ̀pọ̀ná bẹ́ sílẹ̀, àjẹsára tí ó wà nílẹ̀ kò sì tó gbogbo ènìyàn. Dókítà William Foege àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ wá àwọn ilé tí àrùn ti wọ̀, wọ́n sì bupá fún àwọn tí ó yí wọn ká, títí tí àrùn kò fi rí ẹni tí yóò mú mọ́. Ọ̀nà náà ni wọ́n lò káàkiri ayé lẹ́yìn náà. Ọdún 1970 ni wọ́n rí ṣọ̀pọ̀ná gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí kò bupá nítorí ṣọ̀pọ̀ná mọ́, nítorí pé àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ti bupá.

Ẹ̀rí kejì súnmọ́lé ju èyí lọ. Ní 1956, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó dá ibi ìtọ́jú kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn mọ̀ mọ́ Ogun Kírìjì. Ó rí i pé èéyi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù ń fojú kéré nígbà náà, ń pa ọmọ lọ́pọ̀lọpọ̀ níbẹ̀, pàápàá ọmọ tí kò rí oúnjẹ tí ó péye jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí àjẹsára èéyi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láti ilé ìwádìí ní Amẹ́ríkà, Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí wọ́n ti dán an wò. Níbẹ̀ náà ni Morley ti ṣe káàdì kan tí wọ́n ń fi ìlà ya ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù. Kò fi káàdì náà pamọ́ sí ọ́fíìsì. Ìyá ọmọ ni ó gbé e lé lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni ó mú àwòṣe náà lò lẹ́yìn rẹ̀. Káàdì tí ìyá ń ká sínú báàgì lónìí ní baba ńlá ní ìlú Yorùbá.

Ní 1979 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò àjẹsára fún gbogbo ọmọdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé tí ó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, gbé ètò náà ga, ó sì sapá kí ìtọ́jú lè dé àwọn ilé ìlera alábọ́dé tí ó wà nítòsí àwọn ènìyàn.

Báyìí ni ìṣírò náà ṣe lọ. Bí wọ́n bá ti bí ọmọ, ó yẹ kí ó gba mẹ́ta: abẹ́rẹ́ ikọ́ ife ní apá òsì, ẹ̀kán-ẹnu ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, àti abẹ́rẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B. Èyí ìkẹyìn yìí kò fẹ́ ìdádúró rárá. Ó dára kí ọmọ gbà á kí wákàtí 24 tó pé, nítorí pé nínú ọmọ ọwọ́ mẹ́wàá tí ó bá kó àrùn náà nígbà ìbí, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni yóò gbé e títí ọjọ́ ayé wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, ọmọ yóò gba abẹ́rẹ́ alámárùn-ún ní itan òsì. Abẹ́rẹ́ kan náà ni ó ń dènà dìfitẹ́ríà tí ń dí ọ̀fun, tẹ́tánọ́ọ̀sì tí ń mú ara gan, ikọ́ líle tí ń gba èémí lẹ́nu ọmọ, àrùn ẹ̀dọ̀, àti kòkòrò kan tí ń fa òtútù àyà àti yírùnyírùn. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á gún òmíràn sí itan ọ̀tún, èyí tí ó tún ń dènà òtútù àyà, wọ́n á sì kán ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sí i lẹ́nu. Láti 2022, wọ́n ti fi ẹ̀kán-ẹnu tí ń dènà ìgbẹ́ gbuuru tí rotavirus ń fà kún un. Ní oṣù kẹsàn-án ni ti èéyi, ti ibà pọ́njú àti ti yírùnyírùn. Ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, ọmọ yóò padà wá gba ti èéyi lẹ́ẹ̀kejì, èyí tí ó wọ inú ètò náà ní 2019.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní làákàyè yóò béèrè pé, kí ló dé tí wọn kò fi gún gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ kí ó tán síbẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Ọmọ kì í wáyé lọ́wọ́ òfo. Ìyá rẹ̀ ti fi ìdáàbòbò díẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti inú oyún. Ìdáàbòbò yẹn dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ èéyi nígbà tí ti ìyá ṣì lágbára, ti ìyá yóò pa iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà kí ara ọmọ tó rí i kọ́. Bí wọ́n bá sì pẹ́ jù, ti ìyá á ti tán, èéyi á sì bá ọmọ ní ìhòòhò. Oṣù kẹsàn-án ni àlàfo tí ó wà láàárín ewu méjèèjì yìí ní ilẹ̀ tí èéyi ti ń tètè dé. Nítorí pé àwọn ọmọ kan yóò ṣì wà tí ara wọn kò ní í gbà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún tì í lẹ́yìn. Ti abẹ́rẹ́ alámárùn-ún náà rí bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ń fi ọ̀tá han ara, ìkejì àti ìkẹta ń jẹ́ kí ara rántí. Ẹni tí ó gba ẹyọ kan tí ó dúró, ó dà bí ẹni tí ó kọ́ ilé kan ògiri mẹ́ta.

Ibi tí ìṣírò náà ti máa ń dàrú kì í ṣe inú ìwé. Inú ilé ni. Ní ilé kan ní Ìbàdàn, ìyàwó kan gbé àkọ́bí rẹ̀ lọ gba ti ọ̀sẹ̀ kẹfà. Nígbà tí ó di alẹ́, ara ọmọ gbóná, ẹkún kò dá lẹ́nu rẹ̀, itan rẹ̀ sì wú díẹ̀. Ìyá-ọkọ dìde lórí ẹní.

"Ìyàwó, ṣé ìlera lo lọ wá àbí àìsàn?"

"Ẹ má bínú, Mà. Nọ́ọ̀sì ti sọ pé ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀."

"Ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáká, wọ́n fi abẹ́rẹ́ dá ibà sí i lára! O ò ní í gbé e padà síbẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ìyàwó kò lè jiyàn. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá dé, ó kọjá. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá dé, òun náà kọjá. Káàdì wà nínú báàgì, báàgì wà lábẹ́ ibùsùn.

Yóò rọrùn láti pe ìyá àgbà náà ní aláìmọ̀kan, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 1978, ó sin ọmọ rẹ̀ kejì, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá. Èéyi ni ó pa á. Ibà ni ó fi bẹ̀rẹ̀, lóru, gẹ́gẹ́ bí èyí. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un ni pé ibà tí ó tẹ̀lé abẹ́rẹ́ jẹ́ àmì pé ara ọmọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, pé ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, pé oògùn ibà tí nọ́ọ̀sì júwe tó fún un, pé kí wọ́n má fi omi gbígbóná tàbí ìpara kankan wọ́ ojú abẹ́rẹ́, àti pé bí ibà náà bá le jù tàbí tí gìrì mú ọmọ, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n sáré gbé e lọ.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó wà ní kíláàsì SS2, ni ó tú ọ̀ràn náà. Ó ń wá bírò nínú báàgì ni ó bá rí káàdì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń ṣe.

"Ìyá àgbà, wọ́n ti fo ẹ̀ẹ̀mejì. Oṣù kẹsàn-án ló kù, ti èéyi."

"Ti kí ni?"

"Ti èéyi, Mà."

Ìyá àgbà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ti rí abẹ́rẹ́ púpọ̀ láyé rẹ̀, àwọn ọmọ tí ó bí lẹ́yìn èyí tí ó kú sì gba díẹ̀ nínú wọn; ṣùgbọ́n gbogbo abẹ́rẹ́ jọra lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi ìka tọ́ ọ̀kan rí kí ó ní èyí ni ti àrùn tí ó pa ọmọ rẹ.

"Lọ pe ìyàwó wá," ni ó wí.

Ọmọ náà ti ń lọ sí oṣù mẹ́fà nígbà náà. Ní ọjọ́ àjẹsára tí ó tẹ̀lé e, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni ó pọ̀n ọ́n lọ. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á lé òun padà, tàbí kí wọ́n ní kí àwọn bẹ̀rẹ̀ láti orí. Nọ́ọ̀sì wo káàdì, ó ní, "Màmá, ẹ ṣé tí ẹ gbé e wá. A ò ní í bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ibi tí a dúró sí la ó ti tẹ̀síwájú." Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Àjẹsára tí ọmọ ti gbà kì í ṣòfò nítorí pé èyí tí ó tẹ̀lé e pẹ́. Ohun tí ó ń ṣòfò ni àwọn ọ̀sẹ̀ tí ọmọ fi wà láìní ààbò.

Kì í ṣe inú ilé nìkan ni ẹ̀bi wà. Àjẹsára gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é títí dé abúlé tí iná mànàmáná kì í sábà dé. Ìgò àjẹsára èéyi tí wọ́n ń lò máa ń tó ọmọ mẹ́wàá, bí wọ́n bá sì ti ṣí i, kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́fà lọ kí wọ́n tó dà á nù. Nítorí èyí, ní àwọn ibòmíràn, wọ́n máa ń sọ fún ìyá tí ó dá wá pé kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, nígbà tí ọmọ bá pọ̀. Ìyá náà ti fi ọjà sílẹ̀, ó ti san owó ọkọ̀. Bóyá kò ní í padà wá mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣí ìgò náà bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Ìgò tí ó ṣòfò ṣe é rà padà. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún ni pé ọ̀fẹ́ ni àjẹsára yìí ní ilé ìlera ìjọba, àwọn àgbà sì ti wí pé oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ọ̀fẹ́ kò sọ ọ́ di yẹpẹrẹ. Owó ìlú ni wọ́n ti fi san án.

Àhesọ náà ń ṣe tirẹ̀. Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní àríwá Nàìjíríà, Kano ni aṣíwájú wọn, dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró nítorí ìfura pé ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Ìfura náà ní gbòǹgbò, nítorí pé àwọn ènìyàn Kano kò tíì gbàgbé oògùn tí ilé-iṣẹ́ apòògùn kan láti òkè òkun dán wò lára àwọn ọmọ wọn nígbà àjàkálẹ̀ yírùnyírùn ní 1996. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ni ó san gbèsè rẹ̀. Kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti Nàìjíríà tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀, ó tilẹ̀ dé Indonesia ní 2005. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn ọba, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn àti àwọn ìyá tí ń lọ láti ilé dé ilé, ni ó tún un ṣe, títí wọ́n fi kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 pé ògidì irú kòkòrò náà ti kúrò ní Áfíríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú rẹ̀ mìíràn ṣì ń yọjú lẹ́yìn ìgbà náà ní ibi tí àjẹsára kò ti kárí. Ní 2023, dìfitẹ́ríà, tí ọ̀pọ̀ òbí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, pa ọmọ púpọ̀ ní Kano àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó mú ni kò gba abẹ́rẹ́ alámárùn-ún náà pé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ ńkọ́?

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti kan ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ìṣirò lè fi í ṣe iṣẹ́ kíláàsì. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, bí wọ́n bá ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá, ọjọ́ 8 oṣù náà ni ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, ìkẹwàá bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, ìkẹrìnlá sì bọ́ sí ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà. Ti èéyi àkọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, èkejì sì di ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún tí ó tẹ̀lé e. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe bẹ́ẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ aládùúgbò, kí ó kọ ọjọ́ náà sára ògiri níbi tí gbogbo ilé ti lè rí i. Ìṣírò náà kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin fúnra wọn pẹ̀lú. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni àjẹsára tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ti wọ inú ètò Nàìjíríà fún àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbà á. Òun náà ní àkókò tirẹ̀: kí kòkòrò tí ń fa àrùn náà tó rí ọ̀nà wọlé.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ó lè ka káàdì náà já geere, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún àgbà ní èdè tí àgbà gbọ́. Kí ó má ṣe dúró lórí pé "abẹ́rẹ́ ti tó gbà." Kí ó dárúkọ àrùn náà, nítorí pé àgbà tí ó mọ ohun tí àrùn náà gbà lọ́wọ́ òun kò ní í jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ yẹ̀. Yorùbá kì í fi ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ṣeré, nítorí pé orúkọ ọmọ ń ro ọmọ. Kí wọ́n má fi ọjọ́ àjẹsára ṣeré pẹ̀lú, kí ẹni tí wọ́n fún ní orúkọ lè dàgbà jẹ́ ẹ.